Nígbà Tí Ilé-Ìwé Ọ̀sán Kásẹ̀ Nílẹ̀ l'Ékòó

Bí ẹ bá rí ọmọ Èkó tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí ẹ sì bi í léèrè pé, "Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, ṣé àárọ̀ lẹ ń lọ ni àbí ọ̀sán?" kò ní béèrè lọ́wọ́ yín pé kí lẹ ń sọ. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò dá yín lóhùn. Nínú Èkó ayé ọjọ́un, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń jí lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀. Kíláàsì kan náà, àga kan náà, pátákó kan náà, ọmọ ọ̀wọ́ méjì ló ń lò ó. Àwọn kan á wọlé láàárọ̀, wọ́n á jáde lọ́sàn-án. Bí àwọn yẹn bá ti ń jáde ni àwọn ìyókù á máa wọlé, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ṣíífìtì ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ ká jọ wo bí ètò yìí ṣe dé, ohun tó fi ojú àwọn ọmọ wa rí, bí ìjọba ṣe fòpin sí i l'ọ́dún 1980, àti ìjà ńlá tó bá a rìn títí dé ilé ẹjọ́. Ẹ má ṣe rò pé ìtàn àwọn olóṣèlú lásán ni. Ìtàn ìyá tó fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé ni, ìtàn ọmọ tó ń rìn nínú oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú báàgì lọ́rùn ni pẹ̀lú.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Láti ìgbà tí àwọn oníwàásù ti gbé ilé-ìwé dé Àgbádárìgì láàárín ọdún 1843 sí 1845, ọwọ́ ìjọ ni ilé-ìwé pọ̀ sí jù. Àwọn ìjọ C.M.S. dá Grammar School wọn sílẹ̀ l'Ékòó l'ọ́dún 1859. Àwọn Mùsùlùmí náà kò káwọ́ gbera. Ìjọba dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn, nígbà tó sì di 1923, a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn ṣe, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò bá rówó san, ọmọ rẹ̀ á máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé ni.

Ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. L'ọ́dún 1952, Olóyè S. O. Awókọ́yà, tó jẹ́ alákòóso ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọ àwọn èèyàn létí, nítorí wọ́n ní kí wọ́n san ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ lé owó orí wọn fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìwòsàn. Àwọn mìíràn béèrè pé ta ni yóò bá àwọn ṣe oko. Owó yìí wà lára ohun tó mú kí Ẹgbẹ́ Alákùkọ, ìyẹn NCNC, fẹ̀yìn Ọlọ́pẹ gbálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀, wọn kò padà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì, ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 456,600 l'ọ́dún 1954 di 811,432 láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n Èkó kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́ nígbà yẹn. Òfin tuntun ọdún 1954 ti yọ ọ́ kúrò, ó ti di olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò fi dé Èkó títí di 1957. Nígbà tó dé, ó bá ìlú tí kì í sinmi èèyàn gbígbà. A dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ l'ọ́dún 1967. Ogun abẹ́lé parí ní 1970, owó epo rọ̀bì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ sì kọjú s'Ékòó. Múṣin kún, Ṣómólú kún, Àjẹgúnlẹ̀ kún. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ohun rere ni, àbí? Ṣùgbọ́n ọmọ ń pọ̀ sí i, kíláàsì kò pọ̀ tó wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sí ẹni tó fi ìkà bẹ̀rẹ̀ ṣíífìtì. Bí ọmọ bá jẹ́ ọgọ́rin, tí àyè ogójì ọmọ péré sì wà, kí ni hẹdimásítà yóò ṣe? Yálà kó lé ogójì padà sílé, tàbí kó pín wọn sí méjì. Wọ́n pín wọn sí méjì. Ohun tí wọ́n pè ní fún-ìgbà-díẹ̀ wá di àṣà.

OJÚ ỌMỌ Ọ̀SÁN

Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé lọ́sàn-án, kí ni yóò máa ṣe láti òwúrọ̀? Ìyá ti lọ sí ọjà Oyíngbò, bàbá ti wọ mólúè lọ síbi iṣẹ́. Bí ìyá bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ran òun lọ́wọ́, á gbé igbá ọsàn tàbí ẹ̀pà lé e lórí. Bí kò bá sí ẹni tó máa rán an níṣẹ́, ìgboro ni yóò gbà á lálejò. Nígbà tí aago ilé-ìwé bá fi máa lù, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó jẹun ọ̀sán tán, oòrùn ń ràn, tíṣà ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ọmọ ń tòògbé. Ọmọ àárọ̀ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí òun jí pérépéré nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n láti ọ̀sán lọ, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Èyí tó burú jù ni ti wákàtí. Ìwé tó yẹ kí ọmọ fi odidi ọjọ́ kọ́, ìdajì ọjọ́ ló fi ń kọ́ ọ. Kò sí àyè eré ìdárayá, kò sí àyè iṣẹ́ ọwọ́, kò sí àyè kí tíṣà pe ọmọ tí kò gbọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ rówó san, tó wà ní ilé-ìwé aládàáni, odidi ọjọ́ lòun ní. Nígbà tí ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé gíga bá dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n jọ máa dáhùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí a bá ní kí èèyàn méjì sáré ìje, tí a sì so ẹsẹ̀ ẹnì kan, ṣé a lè sọ pé ẹni tó borí ló lẹ́sẹ̀ jù?

GÓMÌNÀ ONÍWÈÉ ÌRÒYÌN

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀tóbà, ọdún 1979, àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Awólọ́wọ̀ ló gba ìpínlẹ̀ márùn-ún: Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́, Bísí Ọnàbánjọ ní Ògùn, Adékúnlé Ajáṣin ní Oǹdó, Ambrose Alli ní Bendel, àti Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè l'Ékòó. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ṣèlérí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè ló sì ṣíwájú.

Inú àwa tó ń kọ ìwé ìròyìn máa ń dùn bí a bá ń dárúkọ Jákàńdè, nítorí iṣẹ́ wa lọkùnrin náà ṣe kó tó di gómìnà. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní oṣù Júláì ọdún 1929. Ilé-ìwé ìjọba ní Ẹnu-Ọ̀wá ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó lọ sí King's College, ó tún lọ sí Grammar School Iléṣà, níbi tó ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Daily Service l'ọ́dún 1949, ó dé Nigerian Tribune ní 1953, ní 1956 ó di olóòtú àgbà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Awólọ́wọ̀ lẹ́jọ́ l'ọ́dún 1963, òun náà wà lára àwọn tó rẹ́wọ̀n he. 1966 ló tó jáde. "Baba Kékeré" ni àwọn èèyàn ń pè é, ẹ sì mọ ẹni tí Baba Àgbà jẹ́.

Oníwèé ìròyìn mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú kò mọ̀: ìwé gbọ́dọ̀ jáde lọ́la, yálà gbogbo nǹkan pé tàbí kò pé. Ojú yẹn, lérò tèmi, ni Jákàńdè fi wo ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dára, díẹ̀díẹ̀, kí ṣíífìtì máa bá a lọ fún ogún ọdún sí i. Ó sì lè kọ́ ilé tí kò wọ́n, kíákíá, kí gbogbo ọmọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ló mú.

KÍLÁÀSÌ 11,729

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Kíláàsì kan kò gbọdọ̀ ná ìjọba ju N5,000 lọ. Ọmọ inú kíláàsì kan kò gbọdọ̀ ju ogójì lọ. Láàárín oṣù Máàṣì sí Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1980, wọ́n kọ́ kíláàsì 11,729. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré nìyẹn; bí a bá pín in, ó lé ní ọgọ́ta kíláàsì lójoojúmọ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá sì fi ogójì ọmọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè 469,160 ọmọ nìyẹn. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé ìjọba l'ọ́dún 1979 jẹ́ 434,545. Ẹ ò rí i? Kíláàsì tuntun nìkan ti tó gbogbo wọn, ká tó wá sọ ti àwọn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ṣíífìtì ṣe kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọmọ ń jí lọ láàárọ̀.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fòpin sí owó ilé-ìwé gíga. Ilé-ìwé gíga 105 tí Jákàńdè bá nílẹ̀ di 223 láàárín ọdún mẹ́rin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn sì ti 107,835 di 167,629. Nígbà tó fi máa di 1983, kíláàsì tí ìjọba rẹ̀ kọ́ ti lé ní 22,000, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di 533,001, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ti dé.

Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe máa ṣe é tí kò ní sí ẹni tó máa rí àbùkù rẹ̀. Àwọn kíláàsì náà gùn bọọrọ, òrùlé wọn kò ga, kò sí ohun ọ̀ṣọ́ kankan lára wọn. Àwọn alátakò wò wọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé adìyẹ ni gómìnà kọ́. Orúkọ náà ràn bí iná ọyẹ́. Nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò, níbi ìpàdé òṣèlú, ilé adìyẹ, ilé adìyẹ ni wọ́n ń pè é.

Ìrú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí jókòó sí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1980. A ò mọ̀ pé wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ohun tí a mọ̀ ni pé aago méje ààbọ̀ a ti wà lórí ìlà, ọmọ alágbàṣe àti ọmọ akọ̀wé ìjọba, tí a jọ ń kọrin orílẹ̀-èdè. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan nílé tó lọ sí ilé-ìwé ọ̀sán títí dé kíláàsì kẹrin. Nígbà tí a bá ń fi orúkọ ilé adìyẹ dápàárá, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀yin tí wọ́n fún lóúnjẹ, ẹ ń sọ̀rọ̀ abọ́."

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn alátakò kò purọ́ tán. Ilé N5,000 kì í ṣe ilé tí a kọ́ fún ọmọ-ọmọ. Ó fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì kọ́ nǹkan tí kò wọ́n gbọ́dọ̀ fi owó ìtọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ìjọba ń yí lọ́wọ́, ta ló rántí ìyẹn? Ẹ sì tún wò ó, kíláàsì kì í kọ́ ọmọ. Tíṣà ní ń kọ́ ọmọ. Oṣù mẹ́fà tó láti kọ́ ilé. Kò tó láti kọ́ olùkọ́.

ÌJÀ ILÉ-ÌWÉ ALÁDÀÁNI

Oṣù Máàṣì ọdún 1980 yẹn gan-an, tí bíríkìlà ń po sìmẹ́ńtì káàkiri Èkó, ni ìjọba tún ṣe ohun tó dá rúgúdù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní ìpínlẹ̀ náà yóò kógbá wọlé. Èrò wọn yé èèyàn. Bí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà bá jọ jókòó sórí àga kan náà, olówó kò ní jẹ́ kí àga náà kán. Òfin orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde l'ọ́dún 1979 sì sọ ọ́ ní orí kejì rẹ̀ pé kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ ní àǹfààní ẹ̀kọ́ kan náà.

Àwọn òbí tó ń sanwó bínú. Àwọn tó ni ilé-ìwé bínú. Ìjọ Àgùdà, tó ti ń kọ́ ọmọ l'Ékòó kí bàbá-ńlá ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé, ní àwọn kò ní gbà. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olúbùnmi Okogie àti àwọn ẹlòmíràn gbé ìjọba Èkó lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n ní òfin kan náà, ní orí kẹrin rẹ̀, fún ọmọ ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìmọ̀ àti láti fi ìmọ̀ fún ẹlòmíràn, kí ni a sì ń ṣe ní ilé-ìwé bí kò ṣe ìyẹn?

L'ọ́dún 1981, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé ohun tí orí kejì òfin sọ jẹ́ ìtọ́sọ́nà fún ìjọba, ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ rọ́ ẹ̀tọ́ tí orí kẹrin fún aráàlú sẹ́yìn. Ilé-ìwé aládàáni kò kú. Títí di òní olónìí, àwọn lọ́yà ṣì ń fi ẹjọ́ Okogie yìí ṣe àpẹẹrẹ bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

Bí ẹ bá bi mí, màá ní Jákàńdè jàre lórí ṣíífìtì, ilé ẹjọ́ sì jàre lórí ilé-ìwé aládàáni. Kì í ṣe pé a ń pọ́n ẹnu lá. Ìjọba tó kọ́ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ fún mi ti ṣe mí lóore. Ìjọba tó ní n kò gbọdọ̀ lọ sí òmíràn ti ń fi oore náà dè mí lókùn. Ohun tó lè mú kí olówó kó ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ìwé ìjọba ni kí ilé-ìwé ìjọba dára, kì í ṣe òfin.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Àwọn ará Èkó tún dìbò yan Jákàńdè l'ọ́dún 1983. Oṣù mélòó kan péré ló lò sí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà, àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì ti àwọn gómìnà mọ́lé, Jákàńdè pẹ̀lú wọn. Àwọn kíláàsì rẹ̀ ló dúró. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ìjọba tó tẹ̀lé e ń wó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò wọn. L'ọ́dún 2001, nígbà ìjọba Bọ́lá Tinúbú, a dá àwọn ilé-ìwé kan padà fún àwọn ìjọ tó dá wọn sílẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ àpapọ̀ ti ọdún 2004 wá sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ìparí ọdún kẹsàn-án. Lónìí, agbègbè ètò ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni Èkó pín sí, láti Agége títí dé Òṣòdì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí ìjọba ka àwọn ilé-ìwé aládàáni Èkó l'ọ́dún 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000, àwọn ọmọ tó wà nínú wọn sì ju ìdajì gbogbo ọmọ ilé-ìwé lọ. Ìpínlẹ̀ tó fẹ́ pa ilé-ìwé aládàáni rẹ́ ní 1980 náà nìyẹn o! Kì í sì í ṣe ọmọ olówó nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ alágbàṣe wà níbẹ̀, ọmọ aláta wà níbẹ̀, nínú ilé pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí ìyá wọn ń fi owó àjọ san owó ilé-ìwé. Ìyá yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti wo ilé-ìwé ìjọba àdúgbò rẹ̀, ó rí ọmọ tó pọ̀ jù níwájú tíṣà kan, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dìbò.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé ìdajì ọjọ́ tí ṣíífìtì ń jí lọ́wọ́ ọmọ tún ń gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bí tíṣà kan bá ń kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ, bí ọmọ bá tilẹ̀ jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, mélòó ló kàn án nínú ojú àti ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Jákàńdè kọ́ ilé. Ó dágbére fáyé ní oṣù Fébúárì ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 91, ó ti ṣe tirẹ̀. Kíkọ́ ọmọ ló kù, ìyẹn kì í sì í ṣe ti gómìnà nìkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá tún pe ìpàdé ní ilé-ìwé àdúgbò yín, ẹ má ṣe rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ bá yín fọwọ́ síwèé. Ẹ lọ fúnra yín. Ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ló wà níwájú tíṣà kan, ẹ béèrè pé wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn lóòótọ́, ẹ sì béèrè ẹni tí àtúnṣe òrùlé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá béèrè, wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Bí igba èèyàn bá béèrè lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á wá ìdáhùn.